Nígbà Tí Eré Olórin Wọ Inú Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Òótọ́ ni òwe yìí lọ́dọ̀ onírèsé, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé eré olórin Yorùbá lọ sí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fín ni ó ti parun. Nínú àròkọ yìí, a ó yẹ̀ ẹ́ wò bí eré olórin ṣe kúrò lójú agbo bọ́ sínú àpótí, ohun tí ó sọnù lọ́nà, àti ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún àwa tí a ń kọ́ èdè àti àṣà Yorùbá.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú eré tí à ń wí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1944, Hubert Ògúndé ṣe eré kan nípa ọgbà Édẹ́nì ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó, láti bá ìjọ Aládùúrà kan kó owó jọ. Orin ni àwọn òṣèré fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú eré náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ eré di iṣẹ́ òòjọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Oyin Adéjọbí àti Dúró Ládiípọ̀ wọ iṣẹ́ náà.

Ládiípọ̀ ni ó gbé orin náà padà sí ìdí ìlù. Ní ọdún 1961, ó fi ìlù Yorùbá sí orin Àjíǹde tí ó kọ fún ìjọ rẹ̀ ní Òṣogbo. Àwọn kan nínú ìjọ fárígá pé ìlù abọ̀rìṣà kò gbọdọ̀ dún nínú ilé Ọlọ́run. Ohun tí ìjọ kọ̀ ni ó gbé lọ sí orí ìtàgé. Ní ọdún 1962 ni a ṣí ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo, tí Ládiípọ̀ sì ṣe eré Ọba Mọ́rọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1963, Ọba Kò So jáde. Oríkì, ọfọ̀ àti ìlù bàtá ni ó gbé ìtàn eré yìí ró. Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ sì ni Ọya. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ìlú Berlin ní Jámánì ní ọdún 1964, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá yìn ín.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti ṣí ilé iṣẹ́ WNTV ní Ìbàdàn, èyí tí ó ń pe ara rẹ̀ ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Púpọ̀ nínú eré ìbẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ ni ó jẹ́ pé bí òṣèré ti ń ṣe é lọ́wọ́ ni àwọn ará ilé ń wò ó. Bí òṣèré gbàgbé ọ̀rọ̀, bí awọ ìlù bẹ́, kò sí àtúnṣe. Èyí kò ba àwọn alárìnjó lẹ́rù, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lójú agbo lójoojúmọ́. Ibòmíràn ni ìṣòro wà.

Èkíní ni àkókò. Eré tí ó ń gba wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú agbo ní láti wọ inú ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí ilé iṣẹ́ yàn fún un. Orin ìbẹ̀rẹ̀ tí a fi ń júbà tí a sì fi ń kí òǹwòran ni ó rọrùn jù láti gé. Èkejì ni ìlù. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a gbé sítòsí òṣèré a máa gba ariwo bàtá mọ́ ohùn ẹni. Bí a bá sì lé onílù sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ yóò sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà tí ó ń wo ojú oníjó kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù: òǹwòran. Lójú agbo, òǹwòran kì í ṣe àlejò. Òṣèré lé orin, àwùjọ gbè é. Òṣèré bú, àwùjọ dá a lóhùn. Nínú yàrá ilé iṣẹ́ tí kò sí àwùjọ, orin parí, kẹ́kẹ́ sì pa.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí dé bá. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ NBC gbé eré olórin Peter Pan jáde lójú ẹsẹ̀ ní ọdún 1955. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, ilé iṣẹ́ kan náà ṣe The Sound of Music lójú ẹsẹ̀, eré tí sinimá ọdún 1965 ti sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó lé ní mílíọ̀nù 18 ènìyàn tí ó wò ó, ṣùgbọ́n kò sí òǹwòran nínú yàrá eré. Bí orin bá ti parí, kò sí àtẹ́wọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Fox gbé Grease, sinimá ọdún 1978, jáde lójú ẹsẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2016, wọ́n kó òǹwòran sáàárín àwọn òṣèré, eré náà sì gba ẹ̀mí. Ohun tí owó ńlá kọ́ wọn yìí, onílù Òṣogbo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí eré wa? Ọ̀rọ̀ ẹnu borí orin. Moses Ọláìyá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, jẹ́ olórin jùjú kí ó tó di aláwàdà, ṣùgbọ́n àwàdà ẹnu ni ó fi gba ọkàn àwọn òǹwòran WNTV. Adéjọbí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré olórin ni ó wá ṣe Kóòtù Aṣípa, níbi tí ẹjọ́ àti àròyé ti jẹ́ kókó. Ládiípọ̀ náà ṣe Bodè Wásinmi fún amóhùnmáwòrán Ìbàdàn. A kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀rọ, nítorí Ògúndé ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu kún eré rẹ̀ kí ọdún 1959 tó dé. Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà ni ó mú ìyípadà yìí yára.

Àdánù kejì ni pé eré tí a ṣe lójú ẹsẹ̀ láìgbà á sílẹ̀ kò fi nǹkan kan sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ohun tí ó là. A gba ohùn Ọba Kò So sórí téèpù. Láti inú téèpù náà ni a ti tú ìwé tí Ibùdó Ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní ọdún 1972. Ládiípọ̀ kú ní ọdún 1978, ṣùgbọ́n a ṣì ń ka Ọba Kò So. Bákan náà, sinimá Àjàní Ògùn ti ọdún 1976 àti Aiyé tí Ògúndé gbé láti orí ìtàgé lọ sínú sinimá ní ọdún 1979 pa orin mọ́ fún ìran tí ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Wuye ní Àbújá lè dàgbà láìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù bàtá rí. Ohun tí ó bá rí lórí ẹ̀rọ ni yóò mọ̀ sí Ṣàngó. Bí a bá gbé Ọba Kò So síwájú rẹ̀ láìsí ìlù àti ègbè, ìtàn ọba kan tí ó bínú ni yóò rí, kò ní gbọ́ eré náà rárá.

Nítorí náà, ẹni tí yóò bá gbé irú eré bẹ́ẹ̀ sórí amóhùnmáwòrán lónìí gbọ́dọ̀ pe àwùjọ tí ó lè gbè orin, kí ó fún ìlù ní gbohùngbohùn tirẹ̀, kí kámẹ́rà máa wo ẹsẹ̀ oníjó, kí ó sì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, àwọn òṣèré àti onílù àgbà ṣì wà ní ìlú yín. Ẹ tọ̀ wọ́n lọ nígbà ìsinmi, ẹ gba orin wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ègbè rẹ̀, kí ẹ sì kó o wá sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí. Igbá tí a kò bá tọ́jú, bí ó ti wù kí onírèsé fín in tó, yóò fọ́.