Ìkarahun ọta kan tó wọ kíláàsì wa: ìtàn ìbọn Lebel àti ohun tí ìdí ọta máa ń sọ

Ọ̀rọ̀ ìbọn la mú wá lónìí. Kí àwọn ọdẹ inú wa fara balẹ̀ kà á dópin, torí ọ̀dọ̀ tiwọn ni ọ̀rọ̀ náà máa gúnlẹ̀ sí.

Ọmọ kíláàsì wa kan ló dá a sílẹ̀. A ń kọ́ wọn ní ìtàn ogun Dàhòmì lọ́wọ́, ni ó bá mú ìkarahun ọta kan jáde nínú àpò rẹ̀, idẹ tó ti dúdú. Ó ní inú páálí bàbá ńlá òun tó ṣe sójà Faransé ni òun ti rí i. Wọ́n tẹ lẹ́tà D sí ìdí rẹ̀, wọ́n sì tẹ 17 sí i, ìyẹn ọdún 1917. Ọta Lebel ni. Ohun tó gba ojú wa jù ni ihò kékeré kan tó wà láàárín ojú iná rẹ̀, tí etí ihò náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ojú iná là ń pe pẹlẹbẹ kékeré tó wà láàárín ìdí ọta, tí abẹ́rẹ́ ìbọn máa ń gún kí ẹ̀tù tó gbiná. Amorce ni wọ́n kọ́ wa pé kí á máa pè é. Abẹ́rẹ́ kàn máa ń tẹ̀ ẹ́ wọnú díẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ lu. Bó bá ti lu, iná ti gba ibẹ̀ padà sẹ́yìn, síhà ojú ẹni tó yìnbọn. Ó lè jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ìbọn náà ló mú jù. Ó sì lè jẹ́ pé ipá inú ọta ló ju ohun tí ó yẹ lọ.

Ọdún 1886 kò ṣeé gbàgbé ní Kétu. Ọdún yẹn ni ogun Glele, ọba Dàhòmì, fọ́ ìlú, tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn Faransé fi sọ ìbọn tuntun wọn lórúkọ, ìbọn 1886, tí gbogbo ayé wá ń pè ní Lebel nítorí ọ̀gágun Nicolas Lebel tó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lé e lórí. Inú ẹ̀tù rẹ̀ ni àrà wà. Lọ́dún 1884, ọ̀mọ̀wé kan ní Paris, Paul Vieille, mú òwú tí wọ́n ti fi ásíìdì sọ di ohun iná, ó fi ọtí àti ether pò ó títí ó fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó gé e wẹ́wẹ́. Poudre B ni wọ́n pè é. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rú èéfín rárá, ipá rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti ẹ̀tù dúdú tí àwọn baba wa mọ̀. Nígbà tí ọ̀gágun Dodds kó ogun Faransé wá bá Béhanzin lọ́dún 1892, Lebel wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì náà ti ra ìbọn òyìnbó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì, ọwọ́ wọn kò ṣófo. Wọ́n kọlu àgọ́ Faransé ní Dogba ní ìdájí ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá, Dodds ti wọ Àbọ̀mé. Lẹ́yìn ìyẹn ni Kétu tún dìde.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìwọ̀n ipá tó wà nínú ohun tí kò sẹ́ni tó lè fi ojú wò? Ọ̀nà tí wọ́n gbà wù wá púpọ̀. Wọ́n á lu ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìbọn kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò, wọ́n á fi irin kan sínú ihò náà, wọ́n á sì gbé bàbà kékeré róbótó kan sẹ́yìn irin ọ̀hún. Bí wọ́n bá yìn ín, èéfín gbígbóná á ti irin, irin á tẹ bàbà pọ̀. Wọ́n á wá wọn bàbà náà: bó ṣe kúrú sí ni ipá ṣe pọ̀ sí. Andrew Noble, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1860. Vieille àti ọ̀gá rẹ̀ Sarrau sì tún un ṣe ní Faransé. Crusher ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé wọn.

Ọdẹ kò ní crusher nílé. Ìkarahun tó bọ́ sílẹ̀ ni crusher tirẹ̀, torí idẹ rọ̀ ju irin lọ, ara rẹ̀ la sì ti máa ń rí i. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, idẹ á wú, á lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá ọta kí èéfín má bàa sá sẹ́yìn; nígbà tí ọta bá ti jáde, á fà padà díẹ̀, a ó sì rí i yọ. Bí ipá bá pọ̀ jù, kò ní lè fà padà. Nígbà náà ni ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ìbọn, tí a máa ń fi ìka méjì ṣí, á wá di ohun tí à ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá kó tó ṣí. Bí ẹ bá rí èyí pẹ̀lú ọta tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ wo ojú iná rẹ̀: ó yẹ kí etí rẹ̀ rí roboto díẹ̀. Bó bá ti tẹ́ pátápátá tó kún ihò rẹ̀ dé etí, tàbí tí idẹ ru sókè yí ojú abẹ́rẹ́ ká bí etí kànga, tàbí tí ojú iná náà tú tó fẹ́ já bọ́, ìkìlọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdí ọta tó ní àpá dídán níbi tí irin ti tẹ̀ ẹ́, ìkarahun tó ya, àti èéfín tó fẹ́ sí ojú ẹni. Ojú iná tó tẹ́ nìkan lè tàn wá jẹ, torí ti àwọn ilé iṣẹ́ kan rọ̀ ju ti àwọn mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àmì máa ń pẹ́ kó tó yọ. Nígbà tí ojú bá fi rí i, ipá ti kọjá ààlà tipẹ́.

Ẹnì kan á ní: ọta tí ilé iṣẹ́ ṣe, tí wọ́n ti dán wò, báwo ni ipá rẹ̀ ṣe lè pọ̀ jù? Lebel fúnra rẹ̀ dáhùn. Ọta mẹ́jọ ló máa ń tò tẹ̀léra wọn nínú ihò abẹ́ ọ̀pá rẹ̀, orí èyí tó wà lẹ́yìn kọjú sí ìdí èyí tó wà níwájú. Nígbà tí wọ́n sọ orí ọta di ṣónṣó lọ́dún 1898, tí wọ́n pè é ní D, wọ́n ní láti gbẹ́ yàrà róbótó yí ojú iná ká kí ṣónṣó náà má bàa gún un. Yàrà yẹn wà lára ìkarahun ọmọ kíláàsì wa, ẹ fi ọwọ́ kàn án, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, lọ́dún 1932, wọ́n ṣe ọta tuntun tí wọ́n pè ní N, nítorí ìbọn arọ̀jò-ọta. Ọrùn rẹ̀ nípọn ju ti D lọ. Wọ́n bá tún yàrá ọta àwọn ìbọn àtijọ́ gbẹ́ kó lè gbà á, wọ́n sì tẹ N sára gbogbo èyí tí wọ́n ti tún ṣe. Bí èèyàn bá fi ipá ki ọta N sínú ìbọn tí kò ní N lára, ọrùn ìkarahun kò ní rí àyè là, kò ní jọ̀wọ́ ọta kíákíá, ipá á sì ga sókè lójú ẹsẹ̀. Ọta náà dára, ìbọn náà dára, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Ẹrẹ̀ tó dí ẹnu ìbọn tàbí òróró tó kún yàrá ọta náà lè sọ ọta rere di ewu.

Ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Poudre B máa ń jẹra, pàápàá níbi tó bá gbóná. Lọ́dún 1907, ọkọ̀ ogun Iéna bú gbàmù ní Toulon, ó pa èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Lọ́dún 1911, Liberté bú ní èbúté kan náà, àwọn tó kú ju igba lọ. Ẹ̀tù tó ti jẹra ni wọ́n dá lẹ́bi. Bí ẹ̀tù ọta àtijọ́ bá ń rùn kíkan tó ń ta ní imú, tàbí tí idẹ rẹ̀ ti hu ewé tútù nínú, ó ti jẹra nìyẹn. Inú páálí lábẹ́ páánù ilé tiwa kò sì tutù ju inú ọkọ̀ ojú omi lọ.

Ibi tí a ń lọ gan-an nìyí. Ọmọ yẹn sọ fún wa pé ọta márùn-ún tí wọn kò tíì yìn ṣì wà nínú páálí náà, àti pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun, tó ń ṣọdẹ, ti ní òun máa tú ẹ̀tù inú wọn sínú ṣakabùlà òun kí ó má bàa ṣòfò. Àyà wa já. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe ṣakabùlà fún. Bí èèyàn bá fi ìwọ̀n àwo ẹ̀tù dúdú wọn ẹ̀tù Lebel sínú rẹ̀, ọ̀pá náà á là lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú. Gbogbo wa la mọ ọdẹ kan tí ìka rẹ̀ kò pé, tí kì í fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la lọ kí bàbá ọdẹ. A kò lè kọ́ ọdẹ ní ìbọn, a mọ ìyẹn, torí náà a kò ṣe bí ẹni pé a gbọ́n jù ú lọ. A ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo èyí," a gbé ìkarahun tó ní ihò lé e lọ́wọ́. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbé e súnmọ́ iná. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ojú ẹni tó yin èyí ńkọ́?" Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ gbé páálí náà jáde. Ní ọjọ́ kejì, a jọ gbé e lọ fún àwọn jàndáàmù, ọta márààrún pé síbẹ̀.

Ìkarahun òfìfo nìkan ni wọ́n dá padà fún wa. Ó wà lórí tábìlì wa ní kíláàsì. Ọmọ náà ṣì máa ń béèrè ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ béèrè: "Maître, ojú rẹ̀ ńkọ́?" Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní bàbá ńlá tó bá wọn ja ogun 1914, tó bá sọ ìtàn irú èyí sílẹ̀ fún un yín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.