Ọmọ Bíbí Ìbàdàn Ni Unilorin, Ṣùgbọ́n Wọn Ò Jọra

Àwa méjì la wà ní yunifásítì láti agboolé wa ní Òwu-Ìsin: èmi tí mò ń kọ́ Yorùbá ní Ìlọrin, àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn. Tí a bá ti pàdé nílé, àríyànjiyàn kan náà ni. Wọ́n á ní àwa ọmọ Unilorin ò mọ ayé akẹ́kọ̀ọ́, pé ilé-ẹ̀kọ́ girama tó fẹjú la wà. Mo wá lọ wo ìtàn, bóyá màá rí èsì fún wọn.

Ní 1948 ni Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104, lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ìlànà Òyìnbó ni wọ́n tẹ̀lé: kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé inú ọgbà, kí wọ́n sì jọ máa jẹun. Nítorí náà họ́ọ̀lù ni ìlú wọn. Bí ọmọ Mellanby ṣe wà ni ọmọ Tedder, ọmọ Kuti àti ọmọ Sultan Bello wà. Independence Hall ń pe ara rẹ̀ ní Katanga Republic, Zik Hall sì ní Baluba Kingdom ni tàwọn. Inú wàhálà Kóńgò ni orúkọ méjèèjì ti wá. Ní oṣù keje 1960, Katanga ní òun ń ya kúrò lára Kóńgò. Àwọn Baluba tó wà ní àríwá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì gbógun tì í. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìròyìn ogun yìí ló sọ ọ́ di àwàdà láàárín họ́ọ̀lù méjì. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé níbo ni Katanga wà. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ Zik ni.

Àmọ́ kì í ṣe àwàdà nìkan ni họ́ọ̀lù bí. Níbi tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ti ń jẹun láti inú ìkòkò kan náà, ẹjọ́ ìkòkò náà kan gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló bẹ̀rẹ̀ ìfẹ̀hónúhàn tí ọlọ́pàá ti yìnbọn pa Adékúnlé Adépéjù ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 1971. Orúkọ rẹ̀ ni ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń jẹ́ títí dòní.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí, ní 1975, ni wọ́n dá tiwa sílẹ̀, abẹ́ Ìbàdàn gan-an ni wọ́n sì fi í sí. Akẹ́kọ̀ọ́ 200 ló wọlé ní 1976. Ní 1977 ó dá dúró. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ ju ibùsùn lọ, ni ọ̀pọ̀ wa bá ń háyà yàrá ní Tankẹ àti Òkè-Odò. Inú bọ́ọ̀sì àárọ̀ ni mo ti rí ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ayé ti kúrò nínú ọgbà, ó ti dé Tankẹ: èyí ń se ìrẹsì, èyí ń wá ẹni tí yóò bá òun pín owó ilé. Ẹni tó ń dáná fúnra rẹ̀, ta ni yóò fẹ̀hónú hàn sí, sítóòfù ẹ̀? Ilé náà tún wà nítòsí. Lọ́jọ́ Ẹtì mo lè gba Ajàṣẹ́-Ìpo lọ sílé, kí n gbé gàárì padà lọ́jọ́ Àìkú.

Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀. Ní 2001 wọ́n lé olùkọ́ 49 ní Unilorin. Ọdún 2009 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dá wọn láre. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ bá ti ibòmíràn pa, tiwa ń lọ geere. Àwọn òbí wa fẹ́ràn ìyẹn, èmi náà sì mọ ìdí tí bàbá mi fi ní Ìlọrin ni kí n kọ sí. Àmọ́ mi ò lè pe ìdákẹ́jẹ́ yẹn ní àlàáfíà lásán. Àwọn kan ló fi iṣẹ́ wọn san owó rẹ̀. Níbí yìí, ẹ̀gbọ́n mi borí mi.

Ní 2022 ìdaṣẹ́sílẹ̀ oṣù mẹ́jọ kan àwa náà. Oko iṣu ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ wà, wọ́n ń kígbe Katanga sórí ebè. Lọ́jọ́ tí a ń padà, Ajàṣẹ́-Ìpo la ti pínyà. Wọ́n ní kí n wá lo ọ̀sẹ̀ kan ní họ́ọ̀lù àwọn. Mi ò tíì lọ.