Ẹmu, Ògùrọ̀ àti Ògógóró: Ìtàn Ọtí Ọ̀pẹ ní Ilẹ̀ Yewa

Wáìnì pupa kan wà ní àríwá ilẹ̀ Ítálì tó ń jẹ́ Barolo. Èso àjàrà kan ṣoṣo, Nebbiolo, ni wọ́n ń lò fún un. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á jẹ́ kí omi rẹ̀ rẹ pọ̀ mọ́ èèpo kí àwọ̀ pupa lè jáde, ìwúkàrà á sì sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí. Lẹ́yìn èyí, òfin ní kò gbọdọ̀ dé ọjà àfi tó bá pé oṣù 38, oṣù 18 ó kéré tán nínú àgbá onígi. Sọ èyí fún adẹ́mu kan lóko Ìlaròó ní ilẹ̀ Yewa, kí o wo bí yóò ṣe wojú rẹ. Ẹmu tí òun sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ yìí, bí kò bá tà kí ilẹ̀ tó ṣú, ó di kíkan lọ́la nìyẹn. Ẹni tó ń ra Barolo a máa béèrè ọdún tí wọ́n kórè rẹ̀. Ẹni tó ń ra ẹmu, wákàtí ló ń béèrè: "Ìyá, ṣé ti àárọ̀ yìí ni àbí tàná?"

Igi méjì ló ń fún wa ní ọtí yìí. Ọ̀pẹ ń bẹ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, òun ló ń mú ẹmu wá. Ògùrọ̀ ń hù nínú àbàtà, irú èyí tó wà létí odò Yewa, ọtí rẹ̀ náà la sì ń pè ní ògùrọ̀. Kálukú ló ní èyí tó wù ú. Èmi, ẹmu ọ̀pẹ ni tèmi. Ògùrọ̀ tilẹ̀ máa ń ṣe mí láàánú: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kú. Ìgbà tí òdòdó náà fẹ́ yọ gan-an ni wọ́n ń gun orí rẹ̀ lọ bẹ́ ọ̀mùnú rẹ̀. Ohun tí igi náà fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ de èso ni à ń mu yẹn.

Ti ọ̀pẹ yàtọ̀; kì í kú bí ẹni tó ń dá a bá mọ iṣẹ́. Adẹ́mu á fi igbà gùn ún dé ìdí imọ̀, á wá akọ òdòdó, á fi ọ̀bẹ mímú gé e lórí, á ki oparun tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, á so akèrègbè mọ́ ọn. (Kẹ́ẹ̀gì oníke ló pọ̀ báyìí. Àwọn àgbà ní kì í dùn tó ti akèrègbè, mo sì gbà wọ́n gbọ́.) Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ń padà lọ fá ojú ọgbẹ́ náà díẹ̀ kó má bàa dí. Omi tó ń kán bọ̀ kò ní ọtí kankan nínú, omi ṣúgà lásán ni. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà ti wà lára igi, ó wà nínú afẹ́fẹ́, ó wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná tó lẹ̀ mọ́ inú akèrègbè. Kí adẹ́mu tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó parí, nǹkan bí ìdá mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti di ọtí. Lọ́jọ́ kejì, àwọn kòkòrò mìíràn tí ojú kò rí á gba iṣẹ́ náà ṣe, ó di ọtí kíkan. Kò sẹ́ni tó da ìwúkàrà sí i, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó dúró.

Ọjọ́ ẹmu ti pẹ́. Ní 1455, ọmọ Ítálì kan, Alvise Cadamosto ará Venice, bá ọkọ̀ àwọn Pọtogí dé ẹkùn odò Senegal, ó tọ́ ẹmu wò níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀. Ilẹ̀ wáìnì ló ti wá; ahọ́n rẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀gbẹ̀rì. Ìtàn ìṣẹ̀dá tiwa tiẹ̀ ní ẹmu ti wà kí ilẹ̀ tó wà: òun ló pa Ọbàtálá tó fi sùn lọ lọ́nà, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ṣe. Títí dòní, àwọn ọmọlẹ́yìn Ọbàtálá kì í fẹnu kan ẹmu.

Nígbà tí arìnrìn àjò òyìnbó Hugh Clapperton kúrò ní Àgbádárìgì ní 1825, tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé, ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ló gbà kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe Yewa títí di 1995. Láti etíkun kan náà ni jíìnì Hóláǹdì àti ti Hamburg ń bọ̀ ní ọ̀rúndún yẹn, nínú ìgò onígun mẹ́rin. Ó lè wà lórí pẹpẹ fún ọdún kan kó má kan, èyí tí ẹmu kò lè ṣe láé, bó ṣe di ohun ìdána àti ohun ètùtù nìyẹn. Ìjọba amúnisìn ń rí owó bodè gidi lórí rẹ̀. Ní 1919, àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Saint-Germain-en-Laye lẹ́bàá Paris ka jíìnì olówó pọ́ọ́kú léèwọ̀ fún Áfíríkà, ó sì fòfin de ọtí sísè níbẹ̀ pẹ̀lú. Owó bodè lórí jíìnì ìyókù sì lọ sókè gan-an. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé wá dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, tí epo àti kòkó kò mówó wọlé mọ́, ta ló kù tó lè ra jíìnì?

Ẹmu tiwa ló kù, àwọn èèyàn sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè é. Ní òdìkejì ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889, èyí tó ya Kétu kúrò lára Ìmẹ̀kọ, wọ́n ní ọmọ ìlú Allada kan tó ń jẹ́ Sodabi lọ ja ogun àgbáyé kìíní ní Faransé, ó sì mú ọgbọ́n ọtí sísè bọ̀ wálé. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pe ọtí náà ní orílẹ̀-èdè Benin dòní. Ògógóró ni tiwa. Ọmọ ìyá ni wọ́n, àfi pé lọ́hùn-ún, ọ̀pẹ tó ti gbó ni wọ́n sábà ń gé lulẹ̀ kí wọ́n tó gba omi rẹ̀.

Ẹmu tó ti lo ọjọ́ mélòó kan ló ń wọ inú dúróòmù lórí iná. Ọtí máa ń hó ní nǹkan bí 78 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí omi tó hó ní 100, nítorí náà òun ló kọ́kọ́ ń di èéfín. Èéfín yẹn á gba inú páìpù bàbà tí wọ́n tẹ́ sínú omi tútù, á sì máa kán síta. Ti àkọ́kán, dídà nù ni. Láàárín 1930 sí 1939, ọlọ́pàá ń wọgbó kiri nítorí dúróòmù wọ̀nyí. Ìjọba ní májèlé ni ògógóró. Èrò tèmi ni pé owó bodè tó ń jò ló ń dùn wọ́n jù.

Síbẹ̀, májèlé kì í ṣe àròsọ. Ní 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lẹ́yìn náà ní ìpínlẹ̀ Rivers, ọtí tí mẹ́táánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ fọ́ ojú àwọn èèyàn kó tó pa wọ́n. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de ògógóró lọ́dún yẹn. Àwọn ìsọ̀ páràgà tó ń tà á kò kógbá wọlé.

Àwọn onímọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Iléeṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, àti NIFOR lẹ́bàá ìlú Benin wá ọgbọ́n fi ẹmu sínú ìgò, wọ́n ń fi iná pa ìwúkàrà inú rẹ̀ kó lè pẹ́. Ó dára fún ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́nu tèmi, ẹmu tó ti sùn ni. Ìfófó la fi ń mọ ẹmu tó wà láàyè, kì í sì í pẹ́ tán lábẹ́ igi ní Ayétòrò. Ẹni tó bá pẹ́ débẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló máa bá. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọ̀hún gan-an ni wọ́n ń dúró dè, wọ́n ní ó dára fún ojú.