Igi Kan Kì í Dá So: Ìtàn Bí Àwọn Àgbẹ̀ Ṣe Kọ́ Láti Wá Ẹnìkejì fún Igi Ápù

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ igi eléso ni a fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ẹni tí ó ní oko àti ẹni tí ń jẹ nínú ohun tí oko ń mú jáde. Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan láàárín ènìyàn ni a sábà máa ń fi òwe náà bá wí. Nínú ìtàn igi ápù, ọ̀rọ̀ igi gan-an ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi lè wà nínú oko kan, kí gbogbo wọn tanná títí oko yóò fi funfun, kí olóko má sì rí èso kó.

Kì í ṣe ohun tuntun létí Mùsùlùmí pé a máa ń mú òdòdó akọ tọ abo lọ. Hadith kan wà tí Imam Muslim gbà wá nípa àwọn àgbẹ̀ dàbínù ìlú Mọ̀dínà. Dàbínù ní akọ, ó ní abo, ọ̀tọ̀ sì ni igi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Àwọn àgbẹ̀ náà a máa fi òdòdó akọ sára ti abo. Nígbà tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá lọ́dọ̀ wọn, ó ní òun kò rò pé ohun tí wọ́n ń ṣe náà ṣàǹfààní. Wọ́n fi í sílẹ̀, èso wọn kò sì dára. Nígbà tí ó gbọ́, ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èrò lásán ni òun sọ, àti pé àwọn ni wọ́n mọ̀ jù nípa iṣẹ́ ayé wọn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún àwa tí a wá lẹ́yìn: fífi ojú wò àti dídán wò ni a fi ń kọ́ iṣẹ́ oko.

Ti dàbínù hàn sí ojú. Ti ápù fara pamọ́, nítorí inú òdòdó kan ṣoṣo ni akọ àti abo jọ wà. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rò pé kò ṣe aláìní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí lẹ́búlẹ́bú akọ rẹ̀ bá bọ́ sórí abo rẹ̀, abo náà yóò dá a mọ̀ pé ara òun ni, yóò sì dí i lọ́nà kí ó tó dé ibi tí kóró ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí àwa kì í ti í fẹ́ ọmọ ìyá ẹni, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi ápù kì í gba ti ara wọn.

Ọ̀nà tí a fi ń gbin ápù tún mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Bí ènìyàn bá gbin kóró ápù dídùn, igi tí yóò hù kì í jọ ìyá rẹ̀, ó sì lè kan gógó. Nítorí náà, láti ayé àtijọ́ ni àwọn àgbẹ̀ ti ń gé ẹ̀ka igi tí ó bá dára, tí wọ́n ń lọ́ ọ mọ́ kùkùté igi mìíràn. Orúkọ kan náà ni gbogbo àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí ń jẹ́, ara kan náà sì ni wọ́n. Ẹni tí ó gbin ẹgbẹ̀rún igi lọ́nà yìí, igi kan ṣoṣo ni ó gbìn, tí a pín sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún.

Ó pẹ́ kí ayé tó mọ èyí. Ní ọdún 1694, Rudolf Jakob Camerarius, oníṣègùn kan ní ìlú Tübingen ní Jámánì, kọ̀wé láti fi hàn pé àwọn ewéko ní akọ àti abo, àti pé láìsí lẹ́búlẹ́bú akọ, kò ní sí kóró tí yóò hù. Ní ọdún 1793, ọmọ Jámánì mìíràn, Christian Konrad Sprengel, ṣàlàyé bí àwọn kòkòrò ṣe ń gbé lẹ́búlẹ́bú náà láti òdòdó kan dé èkejì. Ní ọdún 1876, Charles Darwin tẹ ìwé jáde lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín irúgbìn tí ó gba ti ara rẹ̀ àti èyí tí ó gba ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni ìmọ̀ yìí wà. Nínú oko, ohun tí ọjà ń fẹ́ ni olóko ń wò. Bí ọjà bá fẹ́ràn irú kan, irú náà nìkan ni wọn yóò gbìn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

Ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà ni àṣírí náà ti tú, lórí èso kan tí ó jẹ́ ìbátan ápù. Píà ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe píà tí a mọ̀ lọ́jà wa. Oko kan wà níbẹ̀ tí ó ní nǹkan bí 22,000 igi píà, Bartlett sì ni wọ́n. Wọ́n ń tanná dáadáa, èso tí wọ́n ń so kò sì tó nǹkan. Merton B. Waite, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń ṣe ìwádìí àrùn igi, ni ó wá ìdí rẹ̀. Ó gé apá akọ kúrò nínú òdòdó tí kò tíì là, ó fi àpò bo òdòdó náà kí kòkòrò má bà á dé ibẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú lẹ́búlẹ́bú wá. Èyí tí ó mú láti ara igi náà kò ṣiṣẹ́. Èyí tí ó mú láti ara Bartlett mìíràn kò ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, bí igi náà tilẹ̀ jìnnà. Nígbà tí ó mú ti irú píà mìíràn wá, èso so. Ní ọdún 1894 ni ìwé rẹ̀ jáde. Igi olóko kò ní àrùn rárá. Ohun tí kò ní ni àlejò.

Ẹ wo ohun mìíràn tí ó lè tan àgbẹ̀ jẹ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni píà Bartlett ti wá, Williams ni wọ́n sì ń pè é níbẹ̀. Nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà, orúkọ yẹn sọnù, Enoch Bartlett sì fi orúkọ ara rẹ̀ pè é. Ẹni tí ó bá gbin Williams sí ẹ̀gbẹ́ Bartlett rò pé òun ti fún un ní ẹnìkejì. Ẹnì kan náà ni, orúkọ ni ó yí padà.

Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti kọjú sí ápù. Lára wọn ni M. B. Crane àti W. J. C. Lawrence ní ilé ìwádìí John Innes ní Merton lẹ́bàá London. Ohun mẹ́rin ni àgbẹ̀ ń wò báyìí. Èkíní, kí ẹnìkejì jẹ́ irú ọ̀tọ̀, kí ó má sì jẹ́ ìbátan tí ó sún mọ́ jù. Èkejì, kí àwọn méjèèjì máa tanná lákòókò kan náà, nítorí bí ọ̀kan bá ti rẹ̀ kí èkejì tó là, òfo ni. Ẹ̀kẹta, kí lẹ́búlẹ́bú ẹnìkejì náà dára. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n sún mọ́ra débi tí oyin yóò fi máa fò láàárín wọn. Nínú oko ńlá, àwọn kan a máa fi ẹnìkejì sí ipò igi kẹta-kẹta nínú ìlà kẹta-kẹta, ìyẹn ni pé igi kan nínú mẹ́sàn-án.

Ohun kẹta yẹn ni ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ápù Bramley tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń se oúnjẹ wá láti inú kóró tí ọmọbìnrin kan, Mary Ann Brailsford, gbìn ní ìlú Southwell ní ọdún 1809. Ẹlẹ́ran kan tí ń jẹ́ Matthew Bramley ni ó ra ilé náà lẹ́yìn náà, orúkọ tirẹ̀ ni èso náà sì ń jẹ́ dòní. Ọ̀pọ̀ igi ápù ní ìdì àjogúnbá méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba. Mẹ́ta ni Bramley ní. Mẹ́ta kò ṣe é pín sí méjì dọ́gba, nítorí náà lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bí àgbẹ̀ bá gbin Bramley pẹ̀lú Cox nìkan, Bramley yóò gbà lọ́wọ́ Cox, kò sì ní rí nǹkan fún un padà. Àfi kí a wá ẹlẹ́ẹ̀kẹta, bíi James Grieve, tí yóò ràn àwọn méjèèjì lọ́wọ́, tí Cox yóò sì ràn án lọ́wọ́.

Ẹni tí kò bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnìkejì yóò fi òógùn san án. Ní ọdún 1916, Samuel Stokes, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó fi ilẹ̀ Íńdíà ṣe ilé, gbin ápù Delicious sí orí òkè Kotgarh. Èso pupa náà dùn, ọjà fẹ́ ẹ, ó sì gba àwọn òkè Himachal kan. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e gbin èyí tí ń mówó wá, igi ẹnìkejì sì di ọ̀wọ́n. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í háyà ilé oyin, wọ́n sì ń gé ẹ̀ka elódòdó láti ara irú ápù mìíràn, tí wọ́n ń kì í bọ omi inú ìgò, tí wọ́n sì ń gbé e kọ́ sórí igi wọn. Ní Maoxian ní ilẹ̀ Ṣáínà, ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi ẹnìkejì kò tó, oògùn kòkòrò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olóyin kò fẹ́ gbé oyin wọn lọ síbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, ọmọ ènìyàn ni ó ń gun igi, tí ó ń fi ìyẹ́ adìyẹ tí a so mọ́ ọ̀pá fi lẹ́búlẹ́bú kan òdòdó lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi márùn-ún sí mẹ́wàá ni ẹnì kan lè ṣe lóòjọ́. Nígbà tí owó òṣìṣẹ́ gun òkè, ọ̀pọ̀ wọn fi ápù sílẹ̀, wọ́n gbin igi mìíràn.

Ẹ má ṣe wí pé ápù kì í hù lóko wa. Gbàǹja tí a ń kó láti Àgége àti Ṣàgámù lọ sí òkè Ọya, irú ìwà yìí ni ó ní. Ọ̀pọ̀ igi gbàǹja kì í gba ti ara wọn, òmíràn kì í sì í gba ti aládùúgbò rẹ̀ pàápàá. Èyí wà lára ohun tí ìwádìí tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìdí tí èso rẹ̀ kì í fi í pọ̀ nílẹ̀ wa. Kòkó Amelonado tí àwọn baba wa gbìn ń gba ti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú irú tí a mú láti òkè odò Amazon wá lẹ́yìn náà kì í gbà á.

Nítorí náà, ẹni tí igi rẹ̀ bá ń tanná tí kò so, kí ó má tíì wá àáké, kí ó má sì tètè nàka sí aládùúgbò. Kí ó kọ́kọ́ wo àwọn igi tí ó yí i ká. Bóyá igi kan náà ni gbogbo wọn. Kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ní ilé ìwádìí kòkó ní Ìdí-Ayùnrẹ́ ní Ìbàdàn, nítorí iṣẹ́ wọn kan obì pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, kí ó fi àyè sílẹ̀ nínú oko fún irú mìíràn, bí kò tilẹ̀ mówó wá tó ti àkọ́kọ́. Kí Ọlọ́hun Ọba fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa.