Koniku: Orúkọ Àbíkú Fún Ẹ̀rọ

Láti Ìlaròó dé Ayétòrò, nílẹ̀ Yewa wa, orúkọ bíi Málọmọ́ kò ṣàjèjì: ẹ̀bẹ̀ ni a fi ń bẹ àbíkú.

Ní 2017, ní Arusha, lórílẹ̀-èdè Tanzania, Oshiorenoya Agabi, ọmọ Nàìjíríà, ṣí aṣọ lójú ẹ̀rọ tí ó so sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ èkúté tí ó wà láàyè pọ̀ mọ́ sílíkọ́nì. Ó ní yóò lè gbóòórùn àdó olóró. Koniku ni orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀.

Mo bi ara mi léèrè: ṣé “kò ní ikú” ni, àbí “kò ní í kú”? Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀rí, ti èkejì jẹ́ ìlérí. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì alààyè ń jẹun. Bí oúnjẹ bá tán, yóò kú. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ka Koniku mọ́ Málọmọ́: ẹ̀bẹ̀ ni.