Àgbà Tó Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn: Àlàyé Lórí Pípín Àga Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Bí Ìbò Bá Ṣe Pọ̀ Sí

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti í ṣe lóde láyé àtijọ́ ni òwe yìí yé jinlẹ̀, nítorí pé àgbà kì í dá jáde. Ọmọdé kan a máa tẹ̀lé e lẹ́yìn, a jókòó tì í níbi tí ó ti ń jẹun, a máa wo ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti ń lọ sínú àwo tí ó sì ń bọ̀ lẹ́nu, kò sì ní tọrọ nǹkan kan, nítorí pé ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kí ó tọrọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀, àgbà náà sì mọ̀, pé ohun tí ó bá ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ igbá, ti ẹni tí yóò rù ú ni. Bí àgbà bá wá fi ìka nu igbá mọ́ tónítóní, ọmọ a dìde, a gbọn aṣọ rẹ̀, a bá tirẹ̀ lọ. Òwe náà kò pe àgbà ní olè, oúnjẹ rẹ̀ ni ó jẹ. Ohun tí ó ń kìlọ̀ fún wa ni pé ènìyàn lè gba ohun tí ó tọ́ sí i lábẹ́ òfin, kí ó sì fi ọ̀nà tí ó gbà gbà á lé gbogbo àwọn tí ìbá bá a gbé ẹrù sá.

Ọ̀rọ̀ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni mo fẹ́ gbé òwe yìí kà. Àga 26 ni ó wà nínú ilé náà, mẹ́sàn-án nínú wọn sì jẹ́ ti àwa ará àríwá: Ìkọ̀lé ní méjì, Ọ̀yẹ́ ní méjì, Ìdó-Òsì ní méjì, Mọ̀bà ní méjì, Ìléjeméje sì ní ẹyọ kan. Ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan ń yan ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá sì pọ̀ jù ni ó gbé àga lọ, ìbáà ṣe ìbò kan péré ni ó fi ju ẹnìkejì rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìdìbò, nígbà tí ẹni tí ó kẹ́yìn bá ti tẹ̀ka tán ní ibùdó ìdìbò kan ní Ìfàkì tàbí ní Ìrè, ìlú Ògún Onírè, òṣìṣẹ́ àjọ INEC yóò tú àpótí, yóò máa mú ìwé ìbò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò gbé e sókè kí tọmọdé tàgbà lè rí ibi tí ìka ti tẹ̀ ẹ́, àwọn ará àdúgbò yóò sì máa fi ohùn kan kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, títí tí ìwé yóò fi tán. Wọn yóò kọ iye ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú fọ́ọ̀mù EC8A, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ yóò bu ọwọ́ lù ú, wọn yóò sì lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ògiri. Títí dé ibẹ̀, ìbò ìyá arúgbó tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé wá láti oko kò kéré sí ìbò ẹnikẹ́ni. Ibi tí wọ́n ti ń kéde ẹni tí ó wọlé ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà, nítorí pé bí ẹnì kan bá ní ìbò 5,001 tí ẹnìkejì ní 5,000, ẹni àkọ́kọ́ ni yóò lọ sí ilé ìgbìmọ̀ ní Adó-Èkìtì, àwọn 5,000 yòókù kò sì ní ẹnu kankan nínú ilé náà fún ọdún mẹ́rin gbáko.

Ojú wa náà ló ṣe. Ní ọdún 2014, ẹgbẹ́ APC pàdánù ìdìbò gómìnà ní Èkìtì, síbẹ̀ ìbò tí àwọn ènìyàn dì fún un lé ní 120,000. Nígbà tí ìdìbò ilé ìgbìmọ̀ dé ní oṣù kẹrin ọdún 2015, PDP kó gbogbo àga 26, kò ku ọ̀kan. Ní oṣù keje ọdún 2018, ó wá kan PDP láti pàdánù: APC ní ìbò tí ó lé ní 197,000, PDP ní èyí tí ó lé ní 178,000, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò tó 20,000, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di oṣù kẹta ọdún 2019, APC ni ó kó gbogbo àga 26. Mo mọ̀ pé ìdìbò gómìnà yàtọ̀ sí ti ilé ìgbìmọ̀, mo sì mọ̀ pé inú ènìyàn lè yí padà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó lé ní 178,000 kò kó kúrò ní Èkìtì láàárín oṣù mẹ́jọ. Wọ́n wà ní Ayédé, wọ́n wà ní Ọ̀tùn, wọ́n ń san owó orí, ọmọ wọn ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, wọn kò sì ní ọ̀nọ́rébù kan ṣoṣo tí yóò dìde bi gómìnà léèrè ní orúkọ wọn. Ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn yìí, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ìdí nìyẹn tí n kò fi dá ẹgbẹ́ kankan lẹ́bi: ètò náà ni mo ń bá wí.

Kì í sì í ṣe àrùn àná. Nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣì ní ilé ìgbìmọ̀ tirẹ̀ ní Ìbàdàn, ìdìbò ọdún 1956 fún ẹgbẹ́ Action Group ní àga 48 nínú 80, ó fún NCNC ní 32. Ẹni tí ó bá wo àga nìkan yóò rò pé Action Group fi ọ̀nà jíjìn borí, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, bí 48 ni Action Group ní, NCNC sì ní bí 45. Ní ilẹ̀ tí ìlú ti pín sí méjì tó báyìí, tí ìyàtọ̀ kékeré nínú ìbò sì ń di ọ̀gbun nínú ilé, ènìyàn á kọ́ láti máa ka ìdìbò sí ogun àjàkú-akátá; ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kẹwàá ọdún 1965 àti rògbòdìyàn òun iná tí ó tẹ̀lé e kò ṣẹ̀yìn irú ọkàn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó sì ń tọ̀ ọ́: kí a pín àga fún àwọn ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìbò wọn bá ṣe pọ̀ sí. Dípò kí ẹkùn kékeré máa yan ẹnì kọ̀ọ̀kan, a ó so ọ̀pọ̀ ẹkùn pọ̀ di ẹkùn ńlá kan, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò to orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, olùdìbò yóò tẹ̀ka fún ẹgbẹ́, a ó sì ti orí àkójọ orúkọ náà mú iye ènìyàn tí ìbò ẹgbẹ́ náà bá rà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àríwá Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ, kí a so àga mẹ́sàn-án náà pọ̀, kí a sì fi orúkọ irè oko pe àwọn ẹgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ti òun ni mo ń wí. Ká ní ènìyàn 100,000 dìbò: Ẹgbẹ́ Iṣu ní 48,000, Ẹgbẹ́ Àgbàdo ní 30,000, Ẹgbẹ́ Kòkó ní 14,000, Ẹgbẹ́ Obì ní 8,000. Nínú ètò tí a ń lò lónìí, bí Iṣu bá ṣáájú díẹ̀díẹ̀ ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, òun ni yóò kó àga mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, bẹ́ẹ̀ ìbò rẹ̀ kò tó ìdajì. Ṣùgbọ́n amòfin ará Bẹ́ljíọ̀mù kan tí ń jẹ́ Victor D'Hondt ṣe àlàyé ọ̀nà kan ní ọdún 1878, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìgbìmọ̀ ṣì ń lò: a ó fi 1, 2, 3, 4, 5 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ pín ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, a ó sì fún àwọn iye mẹ́sàn-án tí ó bá tóbi jù ní àga. Ti Iṣu yóò jẹ́ 48,000, 24,000, 16,000, 12,000, 9,600, 8,000. Ti Àgbàdo yóò jẹ́ 30,000, 15,000, 10,000, 7,500. Ti Kòkó yóò jẹ́ 14,000 àti 7,000. Obì dúró lórí 8,000 rẹ̀. Ẹ to gbogbo wọn láti orí èyí tí ó tóbi jù, ẹ ó rí i pé 9,600 ni ó ṣe ìkẹsàn-án: Iṣu gba àga márùn-ún, Àgbàdo gba mẹ́ta, Kòkó gba ọ̀kan, Obì kò rí nǹkan kan. Iṣu ṣì ni ọ̀gá nínú ilé, kò sí ẹni tí ó já oyè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn yóò jókòó tì í.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, nítorí pé nínú ìṣirò kékeré yìí ni agbára fara pamọ́ sí. Bí a bá fi 1, 3, 5, 7, 9 pín in, bí wọ́n ti ń ṣe ní New Zealand, Iṣu yóò ní mẹ́rin, Àgbàdo mẹ́ta, Kòkó ọ̀kan, Obì náà yóò sì rí ọ̀kan. Ìbò kò yí padà, ìka kan kò kúrò lórí ìwé, síbẹ̀ àga kan ti ṣí nípò. Ìdí nìyẹn tí irú òfin bẹ́ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ìdìbò tó dé, kí ó má jẹ́ ẹni tí ó ti wà lórí àga ni yóò máa yàn án bí ó ti wù ú.

Àwọn ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pobẹ̀ àti Sákétẹ́, tí wọ́n wà lábẹ́ ìjọba Bẹ̀nẹ̀, mọ ètò yìí dáadáa. Nínú ìdìbò oṣù kìíní ọdún 2023, àga 109 ni wọ́n dù ní ilé ìgbìmọ̀ tí ó wà ní Àjàṣẹ́, ẹkùn 24 ni wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí, wọ́n sì ya àga kan sọ́tọ̀ fún obìnrin ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ohun rere tí Èkìtì lè kọ́. Ṣùgbọ́n òfin wọn nígbà náà sọ pé ẹgbẹ́ tí kò bá rí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè kò ní gba àga kankan, nítorí èyí, ẹgbẹ́ méje ni ó díje, mẹ́ta péré ni ó wọlé: Union Progressiste le Renouveau gba 53, Bloc Républicain àti Les Démocrates sì gba 28, 28. Ẹkùn tí ó kéré jù náà a máa ba ètò jẹ́. Tógò ń pín àga bí ìbò ṣe rí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹkùn rẹ̀ kò ní ju àga méjì tàbí mẹ́ta lọ. Nínú ìdìbò oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹgbẹ́ UNIR gba àga 108 nínú 113, àwọn alátakò sì ní àròyé tiwọn lórí bí ìdìbò náà ṣe lọ. Níbi tí àga bá ti kéré, kò sí ohun tí a fẹ́ pín.

Àtakò méjì ni mo máa ń gbọ́ tí ó wúwo. Èkíní ni pé ilé tí ẹgbẹ́ kan kò bá ti pọ̀ tó láti dá ìpinnu ṣe, ìjọba yóò dojú dé. Èyí lè rí bẹ́ẹ̀ níbi tí àwọn aṣòfin bá ti ń yan olórí ìjọba, ṣùgbọ́n ní Èkìtì, gbogbo ìlú ni ó ń yan gómìnà lọ́tọ̀. Àìpé iye ẹgbẹ́ kan nínú ilé kò lè lé e kúrò, ohun tí ó lè ṣe ni kí ó mú un ṣàlàyé ètò ìṣúná rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó bu ọwọ́ lù ú, iṣẹ́ tí a sì torí rẹ̀ dá ilé ìgbìmọ̀ sílẹ̀ gan-an nìyẹn.

Èkejì ló jinlẹ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ ẹgbẹ́ ni a ń tẹ̀, ta ni ará Ìpaò yóò pè nígbà tí afárá bá já? Ta ni ará Ìyẹ̀ yóò bá wí? A sì mọ àwọn òṣèlú wa: ipò kìíní lórí àkójọ orúkọ lè di ọjà tí olówó yóò rà. Ṣùgbọ́n àwọn ará Skọ́tíláńdì rí ojútùú sí i. Láti ọdún 1999, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ wọn jẹ́ 129: 73 ń ti ẹkùn kéékèèké wá bí ti wa, a sì ń mú 56 yòókù láti inú àkójọ orúkọ ẹgbẹ́ ní ẹkùn ńlá mẹ́jọ, láti fi tún ìwọ̀n ṣe fún àwọn tí ẹkùn kéékèèké rẹ́ jẹ. Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ SNP gba ẹkùn 62 nínú 73, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pín àga tán, 64 ni ó ní nínú 129, ọ̀kan péré ni kò jẹ́ kí ó ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Èrò tèmi ni pé ohun tí ó yẹ Èkìtì, ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, nìyẹn, a kò sì ní fi àga kankan kún un. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni a ní. Mẹ́wàá nínú wọn ní àga méjì méjì, mẹ́fà ní ọ̀kan ọ̀kan. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa yan ẹnì kan tí ó mọ̀, kí Ìkọ̀lé ní ọmọ tirẹ̀ níbẹ̀, kí Ìléjeméje ní tirẹ̀, kí a sì fi àga mẹ́wàá tí ó ṣẹ́kù tún ìwọ̀n ṣe káàkiri ìpínlẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Muhammadu Lawal Uwais darí, tí Ààrẹ Yar'Adua gbé kalẹ̀ ní ọdún 2007, ti dá irú àbá dída méjèèjì pọ̀ yìí fún gbogbo Nàìjíríà nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2008. Ó gba àtúnṣe ìwé òfin ọdún 1999, ìyẹn sì gba ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ní Àbújá, lápá sẹ́nétọ̀ àti lápá aṣojú-ṣòfin, àti ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ 24 nínú 36.

Iṣẹ́ ńlá ni, a kò sì lè fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ètò ti òní ń ṣe ní oore nìkan. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ìkọ̀lé, ẹ̀yin ará Ọ̀yẹ́, ẹ̀yin ará Ìdó, nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò bá tún dé gbọ̀ngàn ìlú yín pẹ̀lú orin àti ìlérí, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè yìí, kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó títí wọn yóò fi dáhùn: ìbò ẹni tí kò dìbò fún yín, kí ni ẹ fẹ́ kí ó dà?