Ojú Ẹlẹ́rìí àti Ẹ̀wọ̀n Adolf Beck

Àwa agbẹjọ́rò tó ń dúró fún afurasí kì í gbàgbé Adolf Beck, ọmọ Norway tó ń gbé ní London. Ní December 1895, obìnrin kan rí i lójú títì, ó fariwo ta pé ọkùnrin yìí ló lu òun ní jìbìtì. Oníjìbìtì náà a máa pe ara rẹ̀ ní ọlọ́lá, a gba òrùka àti aago lọ́wọ́ àwọn obìnrin, a wá fún wọn ní sọ̀wédowó tí kò ní láárí.

Ọlọ́pàá to Beck mọ́ àwọn ọkùnrin tí wọ́n ṣà níta. Òun nìkan ni irun rẹ̀ ti funfun láàárín wọn. Ta ni wọn ì bá tún mú? Obìnrin lẹ́yìn obìnrin nawọ́ sí i. Ọlọ́pàá tó mú John Smith fún irú jìbìtì bẹ́ẹ̀ ní 1877 náà búra pé Smith nìyí. Beck ní Peru lòun wà lọ́dún yẹn, adájọ́ ò jẹ́ kó rò ó. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà! Ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni wọ́n fún un.

Ní 1898, ìjọba rí i nínú ìwé ẹ̀wọ̀n pé Smith ti dábẹ́, Beck ò sì dábẹ́. Síbẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀wọ̀n rẹ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ó jáde ní 1901. Ní 1904, wọ́n tún dá a lẹ́bi, kí ọwọ́ tó tẹ Smith gan-an. Ọba foríjì í, wọ́n fún un ní £5,000. Ariwo ẹjọ́ yìí wà lára ohun tó bí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fún ọ̀ràn dídá ní England ní 1907.

Ní 1976, nínú ẹjọ́ Turnbull, àwọn adájọ́ England là á sílẹ̀ pé bí ẹjọ́ bá dúró lórí ojú ẹlẹ́rìí, ká wádìí bí ẹlẹ́rìí ṣe jìnnà tó, ìmọ́lẹ̀ tó wà, àti bí afurasí ṣe pẹ́ tó lójú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà náà ń tẹ̀ lé e. Ẹlẹ́rìí kan sọ fún mi rí pé òun rí olè kedere lóru. Mo bi í léèrè ìmọ́lẹ̀. Ó ní tọ́ọ̀ṣì olè ni, ojú òun ló sì tàn án sí.

Bí wọ́n bá mú ènìyàn yín, òfin gbà á láyè láti dákẹ́ títí yóò fi rí agbẹjọ́rò. Bí wọ́n bá tò ó mọ́ àwọn ẹlòmíràn, ẹ wo àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ṣé wọ́n jọ ọ́? Ẹ sì béèrè bóyá ẹlẹ́rìí ti rí i ní àgọ́ ọlọ́pàá ṣáájú.